Ọ̀rọ̀ Kan Lórí Búlọ́ọ̀gù Mẹ́rin

Màámi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹ má jẹ́ kí ìkọ̀wé yìí yà yín lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì, ọ̀rẹ́ mi, ló ń bá mi kọ ọ́, torí ọwọ́ rẹ̀ dùn ún wò ju tèmi lọ.

Ohun tí àbúrò mi kà fún yín lórí búlọ́ọ̀gù mi, òótọ́ ni. Áyọ́ọ̀nù ńlá jó ẹnì kan lọ́wọ́ níbi tá a ti ń fọṣọ. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá wa, tí mò ń gbé yàrá rẹ̀ nígbà náà, ní, "Pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́, àbí o fẹ́ kúrò nínú yàrá mi?"

Nọ́ọ̀sì, awakọ̀ kan àti aránṣọ kan náà ń kọ búlọ́ọ̀gù nílùú àjèjì níbí. A kì í kí ara wa tẹ́lẹ̀. Kálukú rò pé èkejì ń gba òǹkàwé mọ́ òun lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá sọ bẹ́ẹ̀, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó sí yàrá aránṣọ.

Awakọ̀ ní, "Bí wọ́n bá dá mi padà sílé ńkọ́?"

Òun náà ló sì kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ mi sórí búlọ́ọ̀gù tiẹ̀, kí àwọn yòókù tó tẹ̀ lé e.

Wọ́n ti ń tún áyọ́ọ̀nù náà ṣe. Ọ̀dọ̀ aránṣọ ni mò ń gbé báyìí, ibẹ̀ tura. Mo ń sinmi dáadáa.

Ẹ ní kí àbúrò mi má wulẹ̀ fi àwòrán ọwọ́ yẹn hàn yín. Ẹ bá mi kí bàbá.

Ọmọ yín ni.