Rọ́bà Tí Bàbá Dúró Dè

Festac Town,
Oṣù Keje, 1986.

Hàmídù àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ara Ìyá ti ń mókun díẹ̀. A ti gba ayálégbé sí yàrá ẹ̀yìn. Owó rẹ̀ là ń fi ra oògùn wọn.

Jọ̀wọ́, pe ìyàwó rẹ kó jókòó tì ọ́ kí o tó ka ìyókù.

Bàbá ti fi wá sílẹ̀. A sin wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n kú gan-an, bí ẹ̀sìn wa ti wí. Ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan ẹsẹ̀ wọn, ẹsẹ̀ náà sì tutù. Mo ní ká gba táksí lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní, "Sìlífátù, o fẹ́ fowó ṣòfò. Ṣebí Hàmídù ló ń ṣe rọ́bà tó ń wọ inú iṣan lọ fa ẹ̀jẹ̀ dídì jáde? Ó ń bọ̀ wá ṣe Iléyá, yóò fà á fún mi lọ́fẹ̀ẹ́." Wọ́n rò pé ẹni tó ń ṣe rọ́bà náà ní ilé iṣẹ́ ló ń tì í bọ inú iṣan aláìsàn. Nígbà tí a fi dé ọsibítù, ó ti pẹ́ jù.

Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ti ń dun Àlàájì Rùfáì, ọ̀rẹ́ wọn ní Kuje, àwọn náà sì ní ìwọ làwọn ń dúró dè. Wọn kò gbọ́ tèmi.

Kí Ọlọ́run tù ọ́ nínú, kó dá ẹ̀mí gbogbo yín sí. Fi wáyà ránṣẹ́ sí Àlàájì lónìí, kí wọ́n lọ rí dókítà. Má wo owó tí wọn yóò gbà lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Sìlífátù