Ẹkún Ìbùkún Tí Kò Dún

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà wa. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi àti gbogbo ará ilé ní Alájùé, l'Ẹ́dẹ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí. Kí àwọn tó ń fi mí rẹ́rìn-ín pé arúgbó ń lọ kíláàsì gbọ́ o!

Ẹ ní kí n gbé fóònù sí Ìbùkún ọmọ Bọ́lá lẹ́nu, kí ẹ gbọ́ ẹkún rẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́ lóríkì, bí a ti ń ṣe nílé wa. Oṣù mẹ́ta rèé, mi ò gbé e. Ẹ ní mo ti di òyìnbó. Ìyá mi, ẹkún ọmọ náà kò dún ni.

Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe sí ọkàn rẹ̀ yọrí sí rere. Ṣùgbọ́n dókítà sọ fún Bọ́lá ọmọ mi pé iṣan kan wà, tó tín-ín-rín bí òwú, tó gba ẹ̀gbẹ́ ọkàn lọ sí gògóńgò. Ìyẹn ló fara gbọgbẹ́. Ohùn bá lọ, wàrà sì ń ṣìnà sí ẹ̀dọ̀fóró, ni wọ́n fi ń fi rọ́bà gba imú bọ́ ọ. Ó ní ohùn lè padà, ó sì lè má padà.

Lọ́jọ́ kan, èmi ọlọ́gbọ́n bu omi sátẹ́lẹwọ́, mo fẹ́ rọ ọ́ bí ẹ ti rọ gbogbo wa. Bọ́lá gbá ọwọ́ mi mú, ó bi mí bóyá ẹ̀dọ̀fóró ni òùngbẹ ń gbẹ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà ni mo fẹ́ẹ̀ wọ́ ọ.

Yìnyín ibí ń bọ́ bí òwú, kì í pariwo. Mo máa ń gbé ọmọ dúró lẹ́bàá fèrèsé. Ẹnu rẹ̀ á là, omijé á dà, ilé á sì pa rọ́rọ́. Nígbà mìíràn, ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹkún náà ti ṣáájú wa dé Ẹdẹ, pé ó jókòó lábẹ́ igi máńgòrò yín láàárín àwọn adìyẹ, ó ń retí ẹni tí yóò pè é.

Ìyá mi, ẹ má dúró de ẹkún mọ́. Ẹ bọ́ sábẹ́ igi yẹn láàárọ̀, kí ẹ sọ ọ́ lóríkì. Etí Ìbùkún ni n ó gbé fóònù sí, kì í ṣe ẹnu.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, ojú yín yóò rí i. Ẹ bá mi kí tẹrú tọmọ.

Ọmọ yín tí ẹkún tirẹ̀ dún,
Àṣàkẹ́