Orogún Mi Tó Ń Mu Epo

Ọkọ Alùpùpù,

Má wulẹ̀ wá orogún mi kiri, èmi ni mo gùn ún lọ síbi iṣẹ́. Látìgbà tó ti ń wúkọ́ lo ti ń tú kábúrétọ̀ rẹ̀, tí o ń fọ̀ ọ́ bí ọmọ tuntun. Èmi tí mo wúkọ́ mọ́jú, o ò bi mí pé kí ló dé.

Láàárọ̀ yìí ni mo tú ibi tó ń gba atẹ́gùn wò. Ìborí pupa mi tó sọnù ni mo bá níbẹ̀! O ní kí eruku má wọ̀ ọ́, lo bá dí i nímú. Mo yọ ọ́, mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dáhùn.

Ìborí náà rèé lórí tábìlì. Fọ̀ ọ́ bí o ṣe ń fọ kábúrétọ̀.

Èmi àti orogún mi ti parí ìjà. Ó ku tèmi tìrẹ.