Wọ́n Ń Dúró De Corinne

Randall ọmọ mi,

Ṣé ara le ní Chicago níbẹ̀? Ọlọ́run tó pa wá mọ́ di ìkórè àgbàdo ọdún yìí kò ní jẹ́ kí òtútù tó ń bọ̀ bá ọ lójijì. Orúnkún mi ṣì ń ro mí. Màlúù méjì bímọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, abo ni ọmọ méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ Corinne àbúrò rẹ ni mo fẹ́ sọ, torí mo mọ̀ pé ìyá rẹ ti ro tirẹ̀ fún ọ. O mọ̀ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké méjì ló ń wò, irú èyí tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní gbogbo nǹkan díẹ̀díẹ̀. Mo bi wọ́n pé iṣẹ́ wo gan-an ni ọmọ máa mọ̀ ọ́n ṣe tó bá jáde, wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń ronú ni àwọn ń kọ́ ọ. Iye tí wọ́n sì ń gbà lórí ìyẹn ju owó tirakítọ̀ mi lọ.

Nígbà tí a lọ wo èyí tó wà létí odò, àwọn ọmọ ló ń dáná fúnra wọn, orúkọ lásán ni wọ́n ń pe olùkọ́, ajá sùn nínú kíláàsì, ẹnì kan ò sì wọ bàtà nínú òtútù. Corinne bá wọn fọ abọ́, ó rẹ́rìn-ín títí. Ní ti èkejì tó wà lórí òkè, òkúta ni wọ́n fi kọ́lé, àwọn ọmọ múra bí ẹni ń lọ sí báńkì, ọmọbìnrin tó mú wa kiri sì ń fi ẹ̀yìn rìn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo ń pariwo pé kó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, Corinne ní Dádì, ẹ jọ̀ọ́. Ẹnikẹ́ni ò bi Corinne ní orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí ọkọ̀ àwọn òbí yòókù, orí mi sì wú.

Etí odò ni Corinne mú. Ó kọ káàdì tí wọ́n ní kó fi gba àyè rẹ̀, ó lẹ sítáǹbù mọ́ ọn, ó ní kí n bá òun fi ránṣẹ́, ó sì bá àwọn akọrin ilé ìwé wọn lọ sí Ohio fún ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́tà orí òkè dé. Mo ṣí i. Wọ́n ní àwọn ti fi orúkọ Corinne sínú ìwé ìdúró. Mo ní ẹ wò ó, ilé ẹ̀kọ́ ńlá báyìí ń dúró de ọmọ mi! Ìyá rẹ ní ṣé àwọn ló ń dúró de ọmọ ni, àbí ọmọ ló ń dúró dè wọ́n. Mo ní kó fi mí sílẹ̀.

Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ohùn rẹ ló dáhùn, ó ní kí n sọ̀rọ̀. Mo rò ó tán, mo ní tí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn kí o wí. O dákẹ́. Ìyá rẹ ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ni. Mo ní ẹ̀rọ wo ló ń jẹ́ Randall? Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún tí Corinne lọ, mo ju káàdì sínú iná, mo sì kọ̀wé sí etí odò pé kí wọ́n fi àyè Corinne ta ọmọ aláìní kan lọ́rẹ.

Corinne dé lọ́jọ́ Àìkú, ó ka lẹ́tà orí òkè náà. Kò pariwo. Ó ní Dádì, ẹni tí wọn ò tíì fẹ́ ni wọ́n ń kọ irú èyí sí. Ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, mo sáré pe etí odò. Obìnrin ibẹ̀ ní àwọn ti fún ẹlòmíì ní àyè àti owó ìrànwọ́ rẹ̀. Ó ní lẹ́tà mi dára púpọ̀, àwọn ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Orí òkè ò pè é títí oṣù kẹjọ fi parí. Ó wà nílé iṣẹ́ wàràkàṣì báyìí, ó ń fi àwọ̀n bo irun. Ẹ káàárọ̀ sà ló ń kí mi, bí ẹni ń kí ọ̀gá iṣẹ́. Ì bá kúkú bú mi.

Ìyá rẹ sọ pé o gbọ́ ohùn mi lọ́jọ́ kẹta tí Corinne lọ, o rẹ́rìn-ín, o ní wàá pè. Káàdì ṣì ní ọjọ́ méjì kó tó wọ iná nígbà náà, ká ní o pè. Èmi ni mo sun ún, mi ò sá fún un, ṣùgbọ́n má fi mí rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó tún fẹ́ gba fọ́ọ̀mù lọ́dún yìí. Jọ̀ọ́, wá ọgọ́rùn-ún dọ́là. Má fi rán mi o, kò ní gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ti gba àpótí lẹ́tà tirẹ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, òun nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́. Mi ò mọ nọ́ńbà rẹ̀. Bi ìyá rẹ.

Ọlọ́run á fún ọ lọ́mọ. Kò ní jẹ́ kí o fi ìfẹ́ ba tiwọn jẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Delbert