Ìkarahun Ìgbín Tó Tọ̀ Mí Wá sí Ṣakí

Ilé Ìyápọ̀,
Ọ̀nà Ìṣẹ́yìn,
Ṣakí.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 2025.

Fọlákẹ́mi, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Débọ́lá ọkọ rẹ, mo sì kí gbogbo ará ilé yín ní Parakú. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá yín ní àlàáfíà, kí ara yín sì le bí àpáta Ìgbẹ́tì. Èmi náà wà láàyè, orúnkún mi nìkan ló ń ṣe bí ẹni pé òun ni ọ̀gá mi. Ṣọlá ọmọ rẹ ń jẹun, ó ń sùn, ara rẹ̀ dá. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí àyà rẹ má baà já, nítorí ìyókù ìwé yìí kò dùn ún kọ. Ǹ bá pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n o mọ̀ mí: bí mo bá ti gbé fóònù sétí, àwàdà ni màá máa ṣe títí a ó fi dágbére. Ràmọ́nì awakọ̀ ń lọ sí Parakú lọ́la, òun ni mo fi ìwé yìí rán.

Nígbà tí ẹ fi Ṣọlá sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi ní oṣù Kìíní, ohun tí o fẹ́ yé mi. O ní kí n wá jẹ́léósinmi tí wọ́n ti ń fi èdè Faransé nìkan kọ́ ọmọ, kí ó má baà dà bí odi láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ yín ní oṣù Kẹsàn-án. O tún ní o fẹ́ kí ó bá oríṣiríṣi ọmọ jókòó, kì í ṣe àwọn tó jọ ọ́ nìkan, nítorí ìlú onílùú tí wọ́n ti ń sọ Faransé ló ń lọ. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Mo dé fìlà mi, mo lọ wo ilé-ẹ̀kọ́ méjì.

Ti ìjọba ni mo kọ́kọ́ dé, èyí tó wà lẹ́bàá káràa tí wọ́n ti ń ta màlúù. Ọmọ mẹ́tàdínlógójì ló wà lọ́wọ́ tíṣà kan ṣoṣo, Ìyáàfin Sodiqat, ariwo wọn sì ju ti ọjọ́ ọjà lọ. Ọmọ Yorùbá wà níbẹ̀, ọmọ Fúlàní wà níbẹ̀, ọmọ Haúsá náà wà. Ọmọ Ìbàrìbá kan dìde, ó ń fi èdè ilé wọn ka ení, èjì fún àwọn yòókù, gbogbo kíláàsì ń gbè é, tíṣà náà ń gbè é. Inú mi dùn, mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò sí Faransé níbẹ̀ rárá, atẹ́gùn sì ti ṣí apá kan òrùlé wọn.

Èkejì ni ti Jùmọ̀kẹ́ Sàlàkọ́, ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ wà ní kíláàsì kẹta nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìwéré-Ilé. Ọmọ mẹ́rìnlá péré, òrùlé tó ń dán, Faransé láti ẹnu géètì. Àwòrán àwọn ọmọ oríṣiríṣi ẹ̀yà wà lára pátákó ìta. Nígbà tí mo wọlé, ọmọ àwọn olùkọ́ politẹ́kíníìkì àti ti àwọn oníṣòwò ńláńlá ló kún ibẹ̀, àfi ọmọ Fúlàní kan ṣoṣo, Hàdízà, tí bàbá rẹ̀ ń ta màlúù. Mo ní ọ̀kan ṣáà sàn ju òfo lọ. Faransé ló wọ̀ mí lójú. Èmi ni mo yàn án, Fọlákẹ́mi, má bínú sí ẹlòmíràn.

Ó kọ́kọ́ dára. Kò pé oṣù kan tí Ṣọlá fi ń kí mi ní "bọ́ńjúù" kó tó dìde lórí ẹní. Òun àti Hàdízà di kò-rí-kò-sùn. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti jáde, ìyá Hàdízà á fún àwọn méjèèjì ní wàrà, wọ́n á jókòó sábẹ́ igi lẹ́nu géètì. Hàdízà kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn ní èdè Fúlàní, Ṣọlá sì ń pa àlọ́ ìjàpá tí mo pa fún un. Mo ń fi ọmọ yìí yangàn nípàdé àwa òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì débi pé wọ́n ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo lọ mú un. Ó sáré jáde, ó ń rẹ́rìn-ín. Hàdízà dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìkarahun ìgbín kan wà lọ́rùn rẹ̀ pẹ̀lú okùn. Kò sunkún. Ó ṣáà ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo bi Ṣọlá pé kí ni ìyẹn. Ó ní ẹni tó bá sọ èdè mìíràn yàtọ̀ sí Faransé ni wọ́n ń gbé e kọ́ lọ́rùn, kò sì ní í kúrò níbẹ̀ àfi bí ó bá mú ẹlòmíràn tó ṣẹ̀. Ọrùn Ṣọlá ló wà láti ọjọ́ Ajé, ilé-ẹ̀kọ́ ni ìkarahun náà sì sùn, ìyẹn ni mi ò fi rí i. Ó wá ní, "Mo dọ́gbọ́n, Bàbá àgbà. Mo kí Hàdízà ní èdè wọn níbi tí a ti ń fọwọ́. Ó dá mi lóhùn! Mo bá sáré lọ sọ fún Áńtí." Ó ń pàtẹ́wọ́. Ó ní kí n yin òun.

Ọmọ ọdún mẹ́rin, Fọlákẹ́mi. Ìkíni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ́ ọ ló fi mú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mi ò lè yìn ín, mi ò sì lè bá a wí. Ojú ń tì mí títí a fi délé.

Nítorí pé mo mọ ìkarahun yẹn. Èmi ni mo gbé e dé Ìwéré-Ilé. Gẹ̀ẹ́sì ni tiwa nígbà náà. Mo ní ìgbín kì í sọ̀rọ̀, nítorí náà kí ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà wa máa gbé ilé ìgbín kiri. Èmi náà ni mo fi kún un pé kí ọmọ máa gbé e kọ́ ọmọ lọ́rùn, kí wọ́n lè máa ṣọ́ ara wọn, kí èmi sì jókòó sí ọ́fíìsì. Àwọn tó wá bẹ̀ wá wò yìn mí gan-an. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Mo lọ bá Jùmọ̀kẹ́ lọ́jọ́rú. Ó kúnlẹ̀ kí mi tayọ̀tayọ̀. Mo ní, "Jùmọ̀kẹ́, kí lo gbé kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn?" Kò bínú. Ó ní, "Sà, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa. Gẹ̀ẹ́sì tí mo ń gbọ́ lónìí, ìkarahun yẹn ló kọ́ mi." Mo bi í pé ta ló máa ń wọ̀ ọ́ jù. Ó wolẹ̀, ó ní Hàdízà ni, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù ní ẹni tó ń bá wọn sọ Faransé nílé, kò sì sí ẹni tó ń bá Hàdízà sọ ọ́. Ó wá ní, "Èmi náà fi ọjọ́ mẹ́rin wọ̀ ọ́ ní Ìwéré-Ilé, Sà. Ọ̀rẹ́ mi kan ló fi oríkì mi pè mí nídìí kànga, mo sì jẹ́ ẹ. Ta ni wọ́n á fi oríkì pè tí kò ní í jẹ́?" Ó yọ ìkarahun náà lára ìṣó tó fi í kọ́ sí, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Ẹ gbà á, Sà. Ṣùgbọ́n bí mo bá yọ ọ́, àwọn òbí á ní Faransé kò wọ ọmọ àwọn lórí mọ́. Ẹ sọ ohun tí màá fi rọ́pò rẹ̀ fún mi." Èmi tí mo ṣe iṣẹ́ tíṣà fún ọdún márùndínlógójì gbé ìkarahun sápò, mo dágbére. Ìkarahun náà wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Lánàá, mo mú Ṣọlá lọ sílé Hàdízà lẹ́yìn káràa, kí a lọ tọrọ àforíjì. Ìyá rẹ̀ gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ó gbé wàrà fún wa. Ṣọlá kúnlẹ̀, ó kí Hàdízà ní èdè Fúlàní. Hàdízà kò dáhùn. Ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn, ó wo ẹnu ọ̀nà, bí ẹni tó ń wá ẹni tó ń gbọ́. Nínú ilé ìyá rẹ̀ ni o! Ìgbà yẹn ni Ṣọlá tó sunkún.

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí Ṣọlá bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyáàfin Sodiqat lọ́jọ́ Ajé, lábẹ́ òrùlé tó ṣí yẹn. Ràmọ́nì gbọ́ Faransé, ó ti gbà láti máa kọ́ èmi àti Ṣọlá lọ́jọ́ Sátidé. Ó ṣeé ṣe kí ó máa kólòlò nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ̀rù ìyẹn sì ń bà mí. Ṣùgbọ́n mo ti dá yàn lẹ́ẹ̀kan, mo sì ṣì í yàn. Ìwọ ni ìyá rẹ̀. Sọ ohun tí o bá fẹ́, kí o fi rán Ràmọ́nì padà.

Kí Olúwa má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ba ọmọ wa jẹ́. Iṣẹ́ Débọ́lá kò ní í bàjẹ́. Ilẹ̀ àjèjì tí ẹ wà yóò gbà yín, ẹ ó padà wá bá wa láyọ̀.

Èmi ni bàbá tó bí ọ, tó sì tún ṣe tíṣà rẹ,
Ayọ̀dèjì Ìyápọ̀.

Àfikún: Jùmọ̀kẹ́ kò dárúkọ ọ̀rẹ́ tó pè é nídìí kànga, èmi náà kò sì bi í. Ṣùgbọ́n mo rántí ọ̀sẹ̀ yẹn. Ìkarahun wà lọ́rùn rẹ láàárọ̀, kò sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ jáde. Mo yìn ọ́, mo sì mú ẹran inú àwo mi fún ọ. Dárí ẹran yẹn jì mí, ọmọ mi. Jọ̀wọ́, pe Jùmọ̀kẹ́ lórí fóònù. Má pe orúkọ rẹ̀. Àjíkẹ́ ni kí o pè é, kí o sì dúró títí yóò fi dáhùn.