Ọdún Kan Tó Kù fún Lásún

Sátidé, 2/9/89. Ògbómọ̀ṣọ́.

Mo fọ́ àbúrò mi lẹ́nu lónìí. Ọ̀pá ìwọnṣọ ni mo fi lù ú, ó sì kán sí méjì.

Lásún ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Ọjà Igbó pé òun ò padà sí yunifásítì mọ́, nígbà tó ku ọdún kan péré. Ó ti ṣírò rẹ̀ sórí bébà: ₦2,700 tí mo ti yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nítorí dìgírì matimátíìkì rẹ̀, àti ₦900 tó kù, ó di ₦3,600. Bó bá di tíṣà, ₦50 ló lè máa yọ lóṣù. Ọdún mẹ́fà ni yóò fi san án!

"Bọ̀ọ̀dá, ká ní ẹ̀rọ ìlọta lẹ fowó yẹn rà, ì bá sàn fún yín jù mí lọ."

Mo ní kó jẹ́ kí n wo bébà náà. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ìwé Mọ́dà tẹ́ ẹ kà ò lè gbé ìṣirò yìí."

Ìgbà yẹn ni mo nà án. Òun náà ju áyọ́ọ̀nù eléèédú lù mí. Iná jó ihò mẹ́ta sára aṣọ oníbàárà. Mo fún un lọ́rùn mọ́ ògiri títí Ìyá Ráfátù tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fi já ọwọ́ mi.

"Télọ̀, ṣó o fẹ́ pa ọmọ ìyá ẹ ni?"

Lásún tutọ́ ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun ń lọ ru ẹrù ní ọjà Akẹ̀sán, ó sì wọ mọ́tò Ọ̀yọ́ lọ.

Bébà náà já sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì ti wò ó báyìí. Iye tí kò yẹ kó kà mọ́ ọn ló kà. Kó lọ, kó má lọ, a máa san ₦2,700. Aṣọ tí mo bá ti gé, owó rẹ̀ ti lọ nìyẹn. ₦900 nìkan ló yẹ ká máa rò: oṣù méjìdínlógún.

Èsì tó yẹ kí n fún un rèé. Ọ̀pá ni mo fún un.