Sítíkà Tí Ẹ Fi Bo Iná Ọ́ìlì

Bàbá Tẹjú,

Kí ẹ tó figbe olè ta, mọ́tò wà lọ́dọ̀ Justice, mẹ́káníìkì wa ní Coconut. Èmi ni mo gbé e lọ láàárọ̀ yìí.

Mo sítáàtì mọ́tò kó gbóná, mo ń nu dáṣíbọ́ọ̀dù ni sítíkà ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ lẹ̀ síbẹ̀, tí wọ́n kọ "Má bẹ̀rù" sí, bá ṣí. Kí ni mo rí lábẹ́ ẹ̀? Iná pupa ti ọ́ìlì, ó ń tàn yòò! Ọkọ mi, iná ń kìlọ̀ fún yín, ẹ fi sítíkà dí i lójú. Abájọ tí mọ́tò á dúró sójú kan, tí ẹ ṣì máa ń fẹsẹ̀ tẹ tọ́tù kí iná náà lè kú, bí ẹni tó fẹ́ fò!

Justice yẹ ọ́ìlì wò, ó kún. Ó wá so géèjì tó ń wọn agbára tí ọ́ìlì fi ń sáré mọ́ ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó ṣì tutù, ọwọ́ géèjì ròkè dáadáa. Nígbà tó gbóná tán, tí a ò tẹ tọ́tù mọ́, ọwọ́ náà sùn gbalaja. Ó ní béárìnì inú ẹ̀ ti jẹ, pé tó bá rìn jìnnà, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì. Òun lẹ sì fẹ́ fi gbé ìyá mi lọ sí Ìjẹ̀bú ní Sátidé!

"Madam, na who cover this light?" ni Justice bi mí. Mo ní Tẹjú ọmọ wa ni. Ẹ bẹ ọmọ náà tó bá ti iléèwé dé.

Ìrẹsì wà lórí sítóòfù. Mo ti lẹ sítíkà yín mọ́ bàtà yín lẹ́nu ọ̀nà, torí ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì ní Sunday. Ẹ má bẹ̀rù.

Josephine